Tírẹ́ẹ̀sì Kọ́ Ló Gbọ́n Jù

Mi ò ní kọ orúkọ ọmọ mi síbí. Kì í ṣe pé mo ń tijú rẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Ofiki ni orúkọ pípè ti ń já mi láyà, bí ẹnìkan bá sì pariwo orúkọ ọmọ lọ́nà jíjìn, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó rántí pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ mi ni n ó máa pè é. Òun nìkan ni mo bí.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá jí, kó tó rántí kúnlẹ̀ kí mi, á ní, "Màmá, èwo ló gbọ́n jù nínú àwọn dáínósọ̀?" Télọ̀ ni mí ní Ṣakí. Mo lè wà nídìí ẹ̀rọ, kí oníbàárà dúró lé mi lórí bí olópàá, kí n máa fi eyín já òwú, ọmọ yìí á gba abẹ́ tábìlì yọ orí jáde: "Màmá, èwo ló gbọ́n jù?" Àwọn oníbàárà mi kan rò pé àdúrà ni wọ́n kọ́ ọ nílé kéwú.

Bàbá rẹ̀ ló fà á. Tírélà ni bàbá rẹ̀ ń wà, láti Ṣakí lọ sí ẹnubodè, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́nà. Nínú ẹrù òkìrìkà ló ti rí ìwé àwòrán kan tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ó rà á bọ̀ fún ọmọ rẹ̀, ó sì tún gba ọ̀nà rẹ̀ lọ. Àwọn ẹranko tó ti kú tán kí èèyàn kankan tó dáyé ló kún inú ìwé náà. Èmi ni mo kù nílé pẹ̀lú wọn.

Kí n má purọ́, ọmọ náà mọ ohun tó ń sọ. Ó ní kì í ṣe ẹni tí orí rẹ̀ tóbi ló gbọ́n. Ó ní àwọn tó ń hú egungun wọn jáde máa ń wo àyè tí ọpọlọ gbà nínú agbárí, wọ́n á wá fi wé bí ara ẹranko náà ṣe tóbi tó. Èyí tó ní pátákó lẹ́yìn, tó tóbi bí erin, ọpọlọ rẹ̀ ò ju ti ajá lọ. Tírẹ́ẹ̀sì, tí eyín rẹ̀ dà bí ọ̀bẹ apẹran, kò gọ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti pọ̀ ju ọpọlọ rẹ̀ lọ. Tíródọ́nì ni wọ́n rò pé ó gbọ́n jù. Kò tóbi, ojú rẹ̀ ló tóbi rìbìtì, etí rẹ̀ mú, ó jọ pé ó níyẹ̀ẹ́ lára, ó sì ń sàba lórí ẹyin rẹ̀. "Wọn ò tíì lè búra, Màmá," ni ọmọ mi máa ń wí bí adájọ́, "ṣùgbọ́n òun ni. Ẹbí ẹyẹ sì ni."

Nígbà tó sú mi, mo wá ọgbọ́n dá sí i. Bó bá ti bèèrè, màá dáhùn láìwo ojú rẹ̀ pé, "Tírẹ́ẹ̀sì ni." Háà! Ọmọ tí kì í bá àlejò sọ̀rọ̀, tí olùkọ́ rẹ̀ ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn pé kì í lanu ní kíláàsì, á fò dìde bí ẹni tí tanpẹ́pẹ́ ta: "Tírẹ́ẹ̀sì kọ́ o! Tíródọ́nì ni!" Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó lè fi oúnjẹ sílẹ̀, ó lè fi eré sílẹ̀, kò lè fi àṣìṣe yẹn sílẹ̀. Mo ti sọ ọ́ sí i létí rí nígbà tí oorun ti ń gbé e lọ, ó la ẹnu pẹ̀lú ojú dídì, ó ní, "Kọ́ o." Èmi àti òun nìkan la mọ eré yìí. Bàbá rẹ̀ kì í sí nílé.

Nígbà ìsinmi ìparí táàmù kejì, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi ní Ofiki. Opó ọdẹ ni ìyá. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó jẹ́ pé bí mo bá sọ ogún ọ̀rọ̀, ó ti dá mi lóhùn pẹ̀lú ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọwọ́ ara wọn. Àwọn méjèèjì lè jókòó látàárọ̀ dọ̀sán láìsọ nǹkan kan, inú wọn á sì dùn.

Ìyá ń sin awó. Ẹni tó bá ti sin awó rí mọ̀ pé ìwà rẹ̀ kì í ṣe ti adìẹ. Kì í yé sílé. Inú koríko ló ń lọ wá ibi tó fara sin, bó bá sì fura pé èèyàn ti mọ ibẹ̀, ó ti kó lọ nìyẹn. Bí ìyá bá rí ẹyin rẹ̀, kì í fọwọ́ kàn án. Ìgbakọ ló fi ń bù ú, á sì ṣẹ́ mélòó kan kù síbẹ̀ kí abo awó lè rò pé òun ló ṣì í kà. Èyí tó bá bù, abẹ́ àgbébọ̀ adìẹ ló ń kó o sí, kó bá a sàba lé e. Ọmọ mi pè mí lórí fóònù ìyá rẹ̀ àgbà nítorí ọ̀rọ̀ yìí. "Màmá, awó ń ka ẹyin! Ọmọ dáínósọ̀ ni ẹyẹ, ẹ ṣe bí ẹ ò mọ̀! Tíródọ́nì náà á máa ka tiẹ̀!" Mo ní, "Tírẹ́ẹ̀sì ló mọ ìṣirò jù." Ariwo tó pa sí mi létí, mo gbé fóònù jìnnà.

Ọjọ́ tí mo lọ mú un bọ̀, láti orí ọ̀kadà ni mo ti ń rí èéfín. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún dá, kálukú wá ń sáré sun oko tó ti ṣán kí òjò kejì tó dé. Koríko tí wọn ò tíì ṣán ṣì gbẹ bí igi ìdáná. Mi ò kà á sí. Ohun tí mo ń rò ni aṣọ ìyàwó kan tí mi ò tíì kó etí rẹ̀.

Nígbà tí mo wọ agbo ilé, ìyá ọkọ mi dúró láàárín ọgbà, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Mo ní, "Màmá, ọmọ dà?"

Ó ní, "Ó tẹ̀lé awó."

Mo ní, "Ẹ ẹ̀n, awó wá gbé e lọ síbo?"

Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, sí apá ibi tí odò gbígbẹ wà, tí oko àti bẹrẹ gíga wà lódìkejì rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni èéfín ti ń jáde. Mo di igi ilẹ̀kùn mú.

Ẹnikẹ́ni tó ní ọmọ mọ ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Mo pariwo orúkọ rẹ̀. Mo ń sáré, mo ń pariwo, gèlè já bọ́, mi ò padà mú un. Àwọn ará àdúgbò tú jáde. Bàbá ọdẹ kan, ọ̀rẹ́ bàbá ọkọ mi tó ti dolóògbé, ló ṣáájú wọn pẹ̀lú àdá. Obìnrin kan ní òun rí ọmọ náà lọ́sàn-án, tó ń yọ́ rìn lẹ́yìn abo awó kan, tó fi ìka lé ètè kí òun má kí i. Bàbá ọdẹ béèrè pé ta ló finá sóko. Ẹni tó finá sí i wà láàárín wa, ó ní afẹ́fẹ́ ló yí padà mọ́ òun lọ́wọ́, òun ò mọ̀ pé ọmọ wà níbẹ̀. Bàbá ní kó gbé ẹnu dákẹ́, kó lọ bá àwọn ọkùnrin yòókù ṣán ilẹ̀ níwájú iná. Wọ́n já ẹ̀ka tútù, wọ́n ń fi lu iná, iná ń kú níhìn-ín, ó ń jí lọ́hùn-ún.

Àwa yòókù dúró létí odò gbígbẹ náà, a ń pè é. Orúkọ ọmọ mi gba gbogbo igbó kan. Àwọn ọkùnrin pè é, àwọn obìnrin pè é, àwọn tí kò rí i rí pè é. Bí a bá pè é tán, a ó dákẹ́ díẹ̀ láti gbọ́ bóyá yóò dáhùn. Iná nìkan ló ń dáhùn, tó ń já bẹrẹ pápá-pápá. Oòrùn ti ń wọ̀, ó pọ́n nínú èéfín. Mo ń sọ nínú ara mi pé bó bá wà láàyè, á gbọ́ wa; bó bá gbọ́ wa, á dáhùn; kò sì dáhùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí n tún sọ ibi tí ọkàn mi gbé mi lọ.

Ìgbà náà ni mo bojú wẹ̀yìn tí mo rí ìyá ọkọ mi. Ó dúró lábẹ́ igi irúgbá kan, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu. Ó yé mi lójijì pé láti ìgbà tí a ti dé ibẹ̀, kò tíì pe ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan. Inú bí mi. Èmi tí inú kì í tètè bí, inú bí mi débi tí mo gbàgbé ẹni tó jẹ́ sí mi.

Mo ní, "Màmá, kí lẹ̀ ń wò? Ẹ pè é! Ohùn yín ló mọ̀ jù níhìn-ín!"

Ó mi orí.

"Ṣé ọmọ-ọmọ yín kọ́ ni? Ẹ ya ẹnu, ẹ pè é!"

Ó mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu. Ó ní, "Ìyàwó mi, kò ní dáhùn. Gbogbo bí ẹ ṣe ń pè é yìí, ó ń gbọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó má dáhùn."

Mi ò lóye. Ó ń sọ̀rọ̀ wéréwéré, ọ̀rọ̀ tó pọ̀ ju èyí tó ti bá mi sọ láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Ó ní nílé àwọn ọdẹ, wọn kì í pe orúkọ ara wọn nínú igbó, wọn kì í sì í jẹ́ ẹ. Ohun tó ń gbé inú igbó lè yá ohùn èèyàn lò, ó lè yá ohùn ìyá ẹni pàápàá. Nígbà tí òun rí i pé ọmọ náà fẹ́ràn àtimáa tẹ̀lé awó wọ koríko, òun kọ́ ọ: bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ, fara mọ́lẹ̀, má dáhùn, wọn ì báà pè ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. "Ó sì búra fún mi," ni ìyá wí. "O mọ ọmọ rẹ."

Mo mọ ọmọ mi. Gbogbo ariwo wa, òun la fi ń tì í mọ́lẹ̀. Bí àwọn tí ń pè é ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí ń pọ̀ sí i lójú rẹ̀ pé kì í ṣe àwa ni.

Mo di aṣọ ìyá mú. Mo ní, "Kí wá ni ẹ ní kó máa dáhùn sí? Àwọn ọdẹ náà ń wá ara wọn. Báwo ni wọ́n ṣe ń pe ara wọn?"

Ó ní, "Ohun tí ará ilé nìkan mọ̀. Ọkọ mi, bó bá ń wá mi lóko, á kígbe pé, 'Ewúrẹ́ ta ló jẹ fìlà mi?' Èmi á ní, 'Ewúrẹ́ ìyá rẹ ni.' Á mọ̀ pé èmi ni, èmi náà á mọ̀ pé òun ni."

"Kí lẹ wá kọ́ ọmọ náà?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "N ò tíì kọ́ ọ débẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ di ti àkọ́kọ́ mú ná. Alẹ́ òní ni mo fẹ́ kọ́ ọ ní ìyókù."

Ohun tí ará ilé nìkan mọ̀. Mo dúró, iná ń sọ níwájú mi, mo ń wá inú orí mi bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Àdúrà tí a ń gbà kí a tó sùn? Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Orin tí mo fi ń rẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́? Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn mi yìí náà ń fi rẹ ọmọ tiwọn. Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi lọ́kàn.

Mo yíjú sí Bàbá ọdẹ, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí gbogbo wọn dákẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má pè é mọ́."

Ó wò mí, ó wo ìyá ọkọ mi, ó sì gbé ọwọ́ sókè. Ariwo rọlẹ̀. Mo sọ̀ sínú odò gbígbẹ náà, mo gun òdìkejì, mo lọ títí ooru fi ń ta mí lójú. Mo fa èémí, èéfín wọ̀ mí lọ́fun, mo wúkọ́. Mo wá fi gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún mi kígbe pé:

"Tírẹ́ẹ̀sì ló gbọ́n jù!"

Mo gbọ́ tí ẹnìkan ní, "Yéè, orí ti dà á rú," lẹ́yìn mi.

"Nínú gbogbo dáínósọ̀, Tírẹ́ẹ̀sì ló gbọ́n jù!"

Iná já bẹrẹ. Àwòdì ń yí lókè, wọ́n ń wá tata tí iná ń lé jáde. Kò sóhun mìíràn. Mo tún kígbe rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn mi ti ń há, ẹkún ti wọ inú rẹ̀.

Mo wá gbọ́ ọ. Ó kéré, ó jìnnà, inú sì ń bí i.

"Tírẹ́ẹ̀sì kọ́ o!"

Mo fẹ́ pe orúkọ rẹ̀, ó ti dé orí ahọ́n mi, mo gbé e mì. Bí mo bá pè é, yóò tún dákẹ́. Bàbá ọdẹ ti dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí pé, "Má jẹ́ kó dánu dúró. Mú un máa sọ̀rọ̀, kí n lè tọ ohùn rẹ̀ lọ." Ó wọ inú èéfín.

Mo kígbe pé, "Orí rẹ̀ ló tóbi jù! Òun ló gbọ́n!"

"Kì í ṣe orí tóbi! Wọ́n ń fi wé ara ni!"

"Tíródọ́nì ò níyẹ̀ẹ́ lára!"

"Ó níyẹ̀ẹ́! Mo ti sọ fún yín!"

"Kì í yé ẹyin! Kì í sàba!"

"Ó ń yé! Ó ń..." Ikọ́ gbà á. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó sì dákẹ́.

Mi ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo ń kígbe irọ́ lórí irọ́. Mo ní Tíródọ́nì fọ́jú. Mo ní òmùgọ̀ ni, mo ní kò lè ka ẹyin dé méjì, mo ní àwọn tó hú egungun rẹ̀ ti búra pé òmùgọ̀ ni. Omijé ń dà lójú mi, mo ń bú ẹranko tó ti kú kí a tó dá Ádámọ̀. Àwọn ará Ofiki dúró lẹ́yìn mi, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni ohùn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pin wá láti apá ọ̀tún, níbi tí ọ̀gán kan wà: "Ojú rẹ̀... ló tóbi jù."

Bàbá ọdẹ ṣá bẹrẹ lulẹ̀, ó wọ ẹ̀yìn ọ̀gán náà, ó sì gbé e jáde ní apá rẹ̀. Iná gba ibẹ̀ kọjá kí Bàbá tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo rí i tó gba ibẹ̀ kọjá. Bàbá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọmọ náà ká jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́ awó, pé abo awó náà ṣì wà lórí ẹyin nígbà tí òun dé, àwọn méjèèjì ń wo òun láìmira. Nígbà tí òun fọwọ́ kan ọmọ ni awó náà tó fò.

Mo gbá a mọ́ra. Gbogbo ara rẹ̀ ń rùn èéfín, eérú wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Mo yẹ ọwọ́ wò, mo yẹ ẹsẹ̀ wò. Mo ní, "Ṣé o ò gbọ́ ohùn mi ni? Ṣé o ò mọ̀ pé èmi ni?"

Ó ní, "Mo gbọ́. Ìyá Àgbà ní wọ́n lè yá ohùn yín. Ìgbà tẹ́ ẹ ní Tírẹ́ẹ̀sì ni mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ohun inú igbó ò lè gọ̀ tó yẹn."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn ń sunkún. Mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé ó ń gbá mi nítan, a sì gba inú odò gbígbẹ náà padà.

Ìyá ọkọ mi kò tíì kúrò lábẹ́ igi irúgbá. Ó di igi náà mú. Mo ti ní oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún un, ọ̀rọ̀ tí ìyàwó ilé kì í sọ. Bí a ṣe súnmọ́ ọn, ọmọ mi na ọrùn lórí èjìká mi. Inú rẹ̀ ń dùn. Ohùn rẹ̀ ti há, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ bí ọmọ tó gba ipò kìíní, tó ń retí kí wọ́n yìn ín.

"Ìyá Àgbà, wọ́n pè mí títí. Wọ́n pọ̀ gan-an. Mi ò dáhùn o!"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti kó jọ bọ́ dànù. Ìyá ọkọ mi na ọwọ́, ó fi ìka nu eérú kúrò lójú ọmọ náà díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, "O káre, ọmọ mi. O káre." Ó wá yíjú sí ibi tí èéfín wà, kí ọmọ náà má bàa rí ojú òun.